Kérésì ní páríìṣì yín: ẹ sọ èyí tí ẹ ò lè gbàgbé

Ọmọ Òkè Pádì
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá la tan àbẹ́là kẹta ti Ádífẹ́ǹtì (àwọn ọ̀sẹ̀ tí a fi ń dúró de Kérésì), èyí aláwọ̀ pínkì yẹn, Fádà náà wọ pínkì, ọmọ mi wá ń bi mí pé ta ló yá Fádà láṣọ. Mo ní aṣọ ìdùnnú ni, Kérésì ti dé tán, ìjọ ò lè pa ayọ̀ rẹ̀ mọ́ra mọ́. Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán lèmi náà wá jókòó tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí gan-an ni Kérésì jẹ́ fún wa ní páríìṣì, ká yọ ìrẹsì kúrò, ká yọ aṣọ ẹgbẹ́ kúrò. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ èyí tójú yín rí. Mi ò fẹ́ ìwàásù.

Tèmi rèé. 2020, ọdún kòrónà. Ìjọba ní kónílé-ó-gbélé máa bẹ̀rẹ̀ láago méjìlá òru, ni Fádà bá fa Mísà òru wá sí aago méje alẹ́. Pápá ilé ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì la lò, àga kan síbí àga kan sọ́hùn-ún, ọyẹ́ ń fẹ́ eruku sójú gbogbo wa. Ẹ mọ̀ pé tí Mísà bá parí a máa ń tò lọ síwájú láti fẹnu ko ẹsẹ̀ ère Ọmọ Jésù. Lọ́dún yẹn wọn ò gbà wá láyè. Fádà wá gbé Ọmọ náà lọ́wọ́, ó ń rìn káàkiri láàárín àga, ó ń dúró níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sókè kí olúwarẹ̀ rí i dáadáa. Ó pẹ́ gan-an, kò sẹ́ni tó kùn. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ màmá kan tí ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún yẹn, tó jẹ́ pé èèyàn díẹ̀ péré ni wọ́n gbà láyè níbi ìsìnkú, màmá yẹn kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Fádà náà bá kúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, Ọmọ wà láàárín wọn. Mo ti lọ sí Mísà Kérésì tó lé ní 40 láyé mi, ìyẹn ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn.

Adùkẹ́ Akọrin
Ẹ ti pa mí lẹ́kún láàárọ̀ kùtùkùtù 😭

Bọ̀dá Onídùùrù
Ẹ má lé ìrẹsì jáde nínú ìtàn o. Ìrẹsì inú ewé tí wọ́n máa ń pín fún wa lẹ́yìn Mísà àárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ilé Ọlọ́run, ilé mi ni. Nílé wa ẹran kì í tó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹnì kan á wo ojú mi, á fi kún un.

Bàbá Kátíkísì
Ẹ ṣeun ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọdún 10 ni mí ní 1958, ìlú kékeré kan l'Èkìtì. A ò ní Fádà tiwa, Fádà òyìnbó kan ará Ireland, àwọn SMA (ẹgbẹ́ àwọn Fádà ajíhìnrere nílẹ̀ Áfíríkà), òun ló ń tọ́jú gbogbo agbègbè náà, alùpùpù ló ń gùn. Tó bá di ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, kátíkísì, olùkọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ wa, á kó wa jọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a ó gbéra lọ sí ibi tí Fádà wà, máìlì méje ni a ó fẹsẹ̀ rìn. Àwọn bàbá á mú àtùpà níwájú àti lẹ́yìn, ọmọdé á wà láàárín, àwọn ìyá á pọnmọ, aboyún náà ò ní dúró sílé. Orin la ó máa kọ lọ lójú ọ̀nà kí ẹ̀rù má baà bà wá. Látìn ni gbogbo Mísà nígbà yẹn, a ò gbọ́ ọ ṣùgbọ́n a há a sórí, títí dòní tẹ́ ẹ bá jí mi lóru n ó dá yín lóhùn. Látìgbà tí Ádífẹ́ǹtì bá ti wọlé wọn kì í kọ Glória, orin "Ògo fún Ọlọ́run", ní Mísà ọjọ́ Àìkú, ó dà bíi pé wọ́n gba nǹkan lẹ́nu wa. Nígbà tí Fádà bá wá gbóhùn sókè lóru yẹn, gbogbo agogo á dún lẹ́ẹ̀kan náà, ńlá àti kékeré. Èmi ni mo ń lu ọ̀kan nínú àwọn kékeré, mo máa ń lù ú títí ọwọ́ mi á fi kú.

Nígbà tí Àpérò Vatican Kejì (1962 sí 1965) wá gbà ká máa fi èdè wa ṣe Mísà, Kérésì àkọ́kọ́ tí Fádà kọjú sí wa tó ní "Kí Olúwa wà pẹ̀lú yín", ìyá mi wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Lójú ọ̀nà ilé ló bi bàbá mi pé, "Ṣé pé Ọlọ́run ti ń gbọ́ Yorùbá látọjọ́ yìí?"

Adùkẹ́ Akọrin
"Ó ń wá ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀." Bàbá, ẹ ò ní pa wá.

Ọmọ Láfíájí
Bàbá ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ìdí tí mi ò fi ń bínú tí wọ́n bá pè wá ní Àgùdà nìyẹn, orúkọ ẹni tó rìn jìnnà ni. Àwọn baba ńlá wa tó ti Brazil padà sí Èkó ló gbé ìgbàgbọ́ yìí wálé. Pádì Àntóníò tí wọ́n máa ń sọ ìtàn rẹ̀, kì í ṣe Fádà rárá o, ẹrú tó gba òmìnira ni, òun ló ń kó wọn jọ fún àdúrà kí Fádà Bouche tó wá jókòó sí Èkó ní 1868. Ọdún kan tọ̀dún kan, kò sí Fádà, kò sí Mísà, ṣùgbọ́n Kérésì wà. Àtíbàbà tí a ń tẹ́ Ọmọ sí ní Kérésì, ìyá ìyá mi ò pè é ní "ilé Jésù" bíi tiyín, presépio ló ń pè é, ó sì máa ń rán aṣọ ọmọ kékeré fún Ọmọ inú rẹ̀.

Akọrin Anglican
Ẹ rọra o Bọ̀dá Láfíájí, 1842 ni wọ́n ti wàásù lábẹ́ igi Agíà ní Àgbádárìgì.

Ọmọ Láfíájí
Ta ló ní àwa la kọ́kọ́ dé? Mo ní kí Fádà tó dé àwa ti ń gbàdúrà. Ẹ ka ọ̀rọ̀ dáadáa.

Akọrin Anglican
Ó ti yé mi, ẹ má bínú. Mísà òru yín ni mo ti rí ìyàwó mi, mi ò lè bá yín jà.

Jẹ́jẹ́ Layé
Mísà òru wo lẹ ń sọ? Aago mẹ́jọ alẹ́ ni tiwa báyìí, aago mẹ́wàá kò ní lù tí gbogbo wa ti délé tí a ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Tẹ́lẹ̀, ọmọdé á ti sùn sórí àga, wọ́n á jí i láago méjìlá, ó máa rí iná, ó máa gbọ́ agogo, ó máa rò pé òun ti dé ọ̀run. Ẹ ti gba ìyẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Alẹ́ kì í ṣe òru.

Olùtọ́jú Pẹpẹ
Ìwé Mísà sọ pé òru, kò sọ pé dandan aago méjìlá. Róòmù pàápàá ti fà á sẹ́yìn. Ní 2009 Póòpù Benedict gbé tiwọn wá sí aago mẹ́wàá alẹ́, ní 2020 tí kòrónà ń jà aago méje ààbọ̀ ni Póòpù Francis ṣe é. Mísà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà fún Kérésì, ti ìrọ̀lẹ́, ti òru, ti ìdájí, ti ọ̀sán, ìwé kíkà wọn ò jọra. Ẹni tó bá fẹ́ ti òru kó máa gbàdúrà nílé títí aago méjìlá.

Jẹ́jẹ́ Layé
Mo mọ gbogbo ìyẹn. Ìrírí ni wọ́n ní ká sọ, èmi ń sọ ohun tí mo pàdánù.

Ará Oǹdó
Ẹ má fi ọ̀rọ̀ aago ṣeré ẹ jọ̀ọ́. Dáyọ́sísì Oǹdó ni mo wà. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, tí wọ́n wọlé pa àwọn èèyàn wa nínú ilé Ọlọ́run, Kérésì ọdún yẹn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la ṣe Mísà ní páríìṣì wa. Àmọ̀tẹ́kùn dúró ní géètì, wọ́n ń yẹ báàgì àwọn ìyá wò. Èmi fúnra mi ti sọ fún ìyàwó mi pé a ò lọ. Ó wọ aṣọ, ó gbé ọmọ, kò bá mi jiyàn, ó kàn ń lọ. Mo bá tẹ̀ lé e. Mo rò pé ibẹ̀ máa dá páropáro, àfi bí mi ò ṣe ríbi jókòó. Àwọn tí mi ò rí láti ọdún mẹ́wàá wá. Ìgbà tí wọ́n kọ "àlàáfíà fún àwọn ènìyàn" nínú Glória, ohùn tó jáde yẹn, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ìbínú. Oòrùn ṣì ń ràn lóde, síbẹ̀ òru ni lójú mi.

Jẹ́jẹ́ Layé
Ẹ forí jì mí. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà.

Nọ́ọ̀sì Peckham
Ní London níbí, ọjọ́ Kérésì kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí tíréènì, gbogbo ìlú máa ń dákẹ́ ni. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé mi ò mọ̀, mo wọ ìró àti bùbá mi, mo dúró sí bọ́sítọ́ọ̀pù fún ogójì ìṣẹ́jú kí ẹnì kan tó sọ fún mi. Mo fẹsẹ̀ rìn wákàtí kan àti díẹ̀ nínú òtútù. Mo dé nígbà tí wọ́n ń ka Ìgbàgbọ́, gbogbo èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ (ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ Kérésì a máa ń kúnlẹ̀ níbi tó ti sọ pé ó di ènìyàn), èmi náà kúnlẹ̀ síbi ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, mi ò lè dìde mọ́ nítorí orúnkún mi ti gan. Màmá kan tó jẹ́ ará Poland ló fà mí dìde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi. Àwa méjèèjì ò gbọ́ òyìnbó ara wa dáadáa. Láti ọdún yẹn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ń jókòó sí.

Ọmọ Iléṣà
Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀, mi ò fẹ́ sọ tèmi tẹ́lẹ̀ nítorí kì í ṣe tèmi gan-an, ti àbúrò màmá mi ni. Ṣùgbọ́n mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní páríìṣì wa, ìyá tó bímọ kẹ́yìn lọ́dún náà ló máa ń gbé Ọmọ Jésù wọlé ní Mísà òru. Àṣà wa ni, àwọn ìyá máa ń ṣírò rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá, wọ́n á máa wo ikùn ara wọn. Àǹtí mi, mo máa ń pè é ní Màámi, ọdún kẹrìnlá nìyẹn tó ti wà nílé ọkọ, kò sọ́mọ. Òun ló ń fọ aṣọ pẹpẹ, òun ló ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n tó bá ti di Kérésì ẹ̀yìn òpó ló máa ń jókòó sí, ibi tí kò ti ní rí ẹni tó ń gbé Ọmọ wọlé. Èmi mọ̀ torí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń wà.

Lọ́dún yẹn wọ́n gbé Fádà tuntun wá. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta Kérésì, Fádà ránṣẹ́ pè é, ó ní òun ló máa gbé Ọmọ. Màámi rò pé Fádà ò mọ ìtàn òun ni, ó ṣàlàyé. Fádà ní òun mọ̀. Ó padà sílé kò lè jẹun. Àwọn kan lára àwọn ìyá ti gbọ́, wọ́n ti ń sọ pé kí ni Fádà yìí ń ṣe, ṣé ó fẹ́ fi ojú obìnrin yìí gbolẹ̀ ni, àwọn mìíràn ń bínú torí ẹni tó yẹ kó gbé e ti rán aṣọ.

Òru ọjọ́ náà, iná ti kú, àbẹ́là nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, gbogbo èèyàn yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Màámi wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹnì kan ní "Jésù dà?" Ìgbà tó wá rìn dé àárín la rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ọmọ wà, ó pọ̀n ọ́n, ó fi ọ̀já gbà á, ọ̀já aláwọ̀ búlúù. Ọ̀já yẹn, ọdún tó ṣègbéyàwó ló rà á. Ọdún 14 ló fi wà nínú àpótí.

Kò sẹ́ni tó kọrin mọ́. Ìyá àgbà kan níwájú ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, ó ní "Ẹ kú ọmọ o." Ni àwọn ìyá bá bẹ̀rẹ̀, àga dé àga, "ẹ kú ọmọ, ẹ kú ewu ọmọ", bó ṣe ń kọjá lọ. Títí tó fi dé ibùjẹ ẹran. Ó tú ọ̀já, ó gbé e wá síwájú, kò lè gbé e sílẹ̀. Ó dì í mú. Akọrin kọ orin náà tán wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Fádà kò sọ nǹkan kan, ó dúró tì í, ó di àwo tùràrí mú. Ó pẹ́ kó tó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó sì fi ọ̀já náà bò ó.

Adùkẹ́ Akọrin
Mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lónìí.

Ìyá Ìbejì Ìwó
Ẹ kú ọmọ o. Ẹ kú ọmọ o Màámi.

Ògo Dé
Ọlọ́run tóbi!!! Ẹ parí ìtàn náà jọ̀ọ́, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó bí mélòó? Mo mọ̀ pé ẹ̀rí ńlá ló wà níwájú 🙏🙏

Ọmọ Iléṣà
Kò bí ọmọ kankan. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Ìtàn náà ti parí.

Ògo Dé
Ha. Ọlọ́run ò tíì parí iṣẹ́ o, Sárà ńkọ́? Èlísábẹ́tì ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká fi àìgbàgbọ́ parí ọ̀rọ̀.

Ẹnì Kan Bíi Tirẹ̀
Mi ò kì í kọ nǹkan síbí, mo kàn máa ń kà ni. Ògo Dé, mo mọ̀ pé ire lẹ ní lọ́kàn. Èmi náà wà lórí ọ̀nà yẹn, ọdún kẹsàn-án mi rèé. Gbogbo Kérésì tí mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi nínú, wọ́n á ní "ní ìwòyí àmọ́dún". Àmọ́dún ti di mẹ́sàn-án. Ìtàn tí Ọmọ Iléṣà sọ yìí nìkan ni mo tíì gbọ́ níbi tí wọ́n ti kí irú wa kú ọmọ láìjẹ́ pé a bí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo nílò rẹ̀ bó ṣe wà yẹn.

Ògo Dé
Ẹ dárí jì mí arábìnrin. Mo gbọ́.

Olùtọ́jú Pẹpẹ
Ìtàn náà wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n mo ní láti béèrè, ṣé ó tọ́ ká pọn ère Ọmọ Jésù sẹ́yìn? Ohun mímọ́ ni, ọwọ́ la fi ń gbé e, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lọ́la ẹlòmíì á gbé e sórí.

Ìyá Ìbejì Ìwó
Ẹ̀yin ọkùnrin! Ibo la máa ń gbé ohun tó ṣọ̀wọ́n jù sí, tí kì í bá ṣe ẹ̀yìn?

Bàbá Kátíkísì
Olùtọ́jú Pẹpẹ ọmọ mi, ìwọ tó o mọ ìwé Mísà, ka Lúùkù orí kejì fún wa. "Ó sì fi ọ̀já wé e, ó sì tẹ́ ẹ sínú ibùjẹ ẹran." Ọ̀já ló wà níbẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn. 60 ọdún ni mo fi ń gbọ́ ẹsẹ yẹn, àfi òní yìí ni mo rí i.

Olùtọ́jú Pẹpẹ
Mo dákẹ́, Bàbá. Òótọ́ ni, tí Fádà bá ń kà á lóru ọjọ́ náà, mi ò ní lè gbọ́ ọ bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́.

Ọmọ Láfíájí
Èyí tó ń bí mi nínú ni pé Ọmọ tí a ń pọ̀n yẹn náà, òyìnbó ni, irun wúrà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa. Wọ́n kó o wá láti òkè òkun nínú páálí.

Adùkẹ́ Akọrin
Tiwa náà, ìka ọwọ́ kan ti kán.

Bàbá Kátíkísì
Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti òkè òkun wá o. L'Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láàárín 1947 sí 1954, Fádà Kevin Carroll, SMA náà ni, kó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa jọ síbì kan. Bándélé ọmọ Àreògún wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ìtàn Jésù, àwọn ọba tó wá júbà Ọmọ náà múra bí ọba ilẹ̀ wa. Àwọn kan nínú ìjọ bínú nígbà yẹn, wọ́n ní ó jọ òrìṣà. Fákẹ́yẹ sì rèé, Mùsùlùmí ni, Mùsùlùmí ló kú sí.

Jẹ́jẹ́ Layé
Mùsùlùmí ń gbẹ́ ère ṣọ́ọ̀ṣì? Èyí le díẹ̀ kó tó wọ̀ mí létí.

Ìyá Ìbejì Ìwó
Kò le rárá. Ẹ wá sí Ìwó. Káfíńtà tó ń kan ilé Jésù fún wa láti nǹkan bí ogún ọdún, Alhájì ni. Ó ní Ànábì Ísà ni, Màríámù ní súrà tirẹ̀ nínú Kùránì, ṣé òun á wá jẹ́ kí ọmọ náà sùn síta ni? Kì í gba owó. Ìrẹsì àti adìyẹ nìkan la máa ń gbé lọ fún un, òun náà á fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí ilé Fádà. Ní 2019 ó kú. A sin ín, Fádà wà níbẹ̀. Kérésì wá ń bọ̀, a ò mọ ẹni tá a máa pè, ojú ń tì wá láti lọ sílé ọ̀fọ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, láàárọ̀, a gbọ́ òòlù. Ọmọ rẹ̀ ni, ó ti gun òkè, ó ń kan pákó. Ó ní bàbá òun sọ ọ́ kó tó kú pé kí ìṣó má wọ́n nínú ilé ọmọ yẹn.

Bọ̀dá Onídùùrù
Ìṣó! 😭 Ìwó ẹ ṣeun.

Mo Ti Jìnnà
Gbogbo rẹ̀ dára. Èmi ò lọ Mísà Kérésì láti ọdún mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà kó má jẹ́ pé dídùn nìkan la ń sọ. Wọ́n dá owó Kérésì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní páríìṣì tí mò ń lọ. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi látinú oṣù Kẹta. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn Ádífẹ́ǹtì wọ́n ka orúkọ àwọn tí ò tíì san, látorí makirofóònù. Orúkọ mi jáde. Ọmọ mi ọkùnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo ojú mi. Mi ò lè gbàgbé bó ṣe wò mí. A dìde, a jáde, a ò padà.

Olùtọ́jú Pẹpẹ
Kò dára bí wọ́n ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ìbá ti lọ bá Fádà ṣáájú, iná ń jó, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, ṣọ́ọ̀ṣì ò lè máa...

Ìyá Ìbejì Ìwó
Olùtọ́jú Pẹpẹ, ẹ dákẹ́ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Peckham
Ẹ dákẹ́ o. Ojú ọmọ ọkùnrin ló ń sọ fún yín, ẹ ń sọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.

Bàbá Kátíkísì
Ní ìgbà tèmi ní kátíkísì, àwa náà ka orúkọ rí. Èmi gan-an ni mo kà á. Mo rò pé ìtara fún ilé Ọlọ́run ni. Ẹni tí mo ka orúkọ rẹ̀ ò wá mọ́, ó kú kí n tó lọ bẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ Vincent de Paul, àwọn tó ń ran aláìní lọ́wọ́ nínú ìjọ, ló sì yẹ kí á kọ orúkọ yẹn fún, kí wọ́n gbé oúnjẹ lọ sílé rẹ̀ lóru láìfariwo. Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo ka tìrẹ, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń bẹ̀ ọ́.

Mo Ti Jìnnà
Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ Bàbá. Àgbà ni yín.

Ọmọ Òkè Pádì
Ẹ̀gbọ́n, ìlú wo lẹ wà?

Mo Ti Jìnnà
Ìbàdàn. Apá Àkóbọ̀.

Ọmọ Òkè Pádì
Ìbàdàn kan náà la wà! Ẹ wá bá wa ṣe é. Kò sí owó tí ẹnikẹ́ni máa béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹgbẹ́ ìyàwó mi lẹ máa jókòó, ọmọ yín àti ọmọ mi lè jọ máa bi Fádà nípa aṣọ pínkì. Mo fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀.

Ọmọ Iléṣà
Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ fún Màámi lórí fóònù, ó ní kí n tún "ẹ kú ọmọ" yẹn kà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ní kí n sọ fún Ẹnì Kan Bíi Tirẹ̀ pé ọ̀já náà wà lọ́wọ́ òun, òun máa ń fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún nínú oṣù Kọkànlá. Ó ní àwọn ìyá méje ló ti yá a lọ́wọ́ òun láti ọdún náà, àwọn tó bí àtàwọn tí ò bí, ó sì máa ń padà wá. Tó bá fẹ́, kó wá gbà á.

Ẹnì Kan Bíi Tirẹ̀
Ìlú wo ni? Mo máa wọ mọ́tò láàárọ̀ ọ̀la.

Ọmọ Iléṣà
Mo ti kọ̀wé sí yín. Ó ní kẹ́ ẹ má jẹun kẹ́ ẹ tó dé.

Mo Ti Jìnnà
Ọmọ Òkè Pádì, mo rí nọ́ńbà yín. Mo ti sọ fún ọmọ mi, ó ní ṣé a tún lè wọ aṣọ tó bára mu. Aago mélòó ni Mísà òru yín?

Ọmọ Òkè Pádì
Mẹ́sàn-án. Ẹ tètè dé, mo máa fi aṣọ gba àyè sílẹ̀ fún yín.